Opó Tí Kì Í Ṣe Ìyàwó

Pálọ̀ mi ní Peckham ni wọ́n ti so yìgì àbúrò mi obìnrin. Láti àárọ̀ ni mo ti kó àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo tẹ́ ẹní fún àwọn ọkùnrin, mo sì ṣètò àwọn obìnrin sí yàrá tí wọ́n á ti máa gbọ́ ohùn Áfáà ketekete. Ọkọ ìyàwó san sàdáákì lójú gbogbo wa. Wọ́n bi àbúrò mi bóyá ó gbà, ó ní òun gbà. Àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́, Áfáà ṣe wàásù kúkúrú, wọ́n ṣàdúà, a pín dàbínù, ó parí. Kò sí ọmọdé nínú àwọn méjèèjì. Àbúrò mi ti lé ní ogójì ọdún, ọkọ rẹ̀ sì jù ú lọ. Kálukú wọn ti jẹ ìyà tirẹ̀ lótọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé.

Nígbà tí àwọn àlejò ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo fa ọkọ ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ kú oríire o," mo ní. "Ó wá ku ti kọ́ọ̀tù."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Tíṣà! Pépà wo la tún ń wá? Èmi ní pásípọ́ọ̀tù, ìyàwó mi náà ní."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu àwa Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, pépà ló ń wá. A ti rí i títí ó fi sú wa: ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀, kí ìjọba má baà lé e padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ṣe di ibi irọ́ lójú wa, tí yìgì sì jẹ́ òtítọ́. Nílé lọ́hùn-ún, obìnrin tí wọ́n bá ti so yìgì fún, ìyàwó ni, kò sẹ́ni tó máa ní kó mú ìwé wá. A gbé ìgbàgbọ́ yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ìlú Ọba, a ò sì bi onílé bóyá òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò gbà bẹ́ẹ̀. Yìgì tí a bá so ní pálọ̀ níbí, tí a kò sì lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àdúà lásán ni lójú òfin.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò yìí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tíì sọ ọ́. Nítorí náà, bí ọdún Iléyá bá ti dé, tí mo bá lọ kí wọn nílé wọn lẹ́bàá Peckham Rye, mo máa ń bi wọ́n pé, "Kọ́ọ̀tù ńkọ́?" Ọkọ àbúrò mi kì í bínú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó gbà. Wọ́n lọ mú ọjọ́. Àbúrò mi ra bàtà tuntun, ó ní òun kò fẹ́ ariwo, kí èmi àti ọ̀rẹ́ ọkọ òun kan ṣáà wá jẹ́rìí, kí a sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba ń jiyàn lórí òfin tó máa jẹ́ kí ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin sì lè fẹ́ obìnrin. Kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí. Nínú bọ́ọ̀sì, ní ilé onígbàjámọ̀, níwájú àwọn tó ń ta ẹja ní Rye Lane, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Ọkùnrin tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù tó kọjá, òun náà ń ṣàlàyé ohun tí ìgbéyàwó jẹ́ fún gbogbo ayé.

Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa pe ìpàdé lórí rẹ̀. Alhaji tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò mi, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì dúró díẹ̀ kí gbogbo gbọ̀ngàn lè dákẹ́.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ní, "kí ni wọ́n ń pè ní ìgbéyàwó? Ìgbéyàwó ni kí bàbá ọmọ fi ọmọ fún ni. Ìgbéyàwó ni ẹlẹ́rìí. Ìgbéyàwó ni sàdáákì. Ọlọ́run ló ń so ó, kì í ṣe ìjọba. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ máa fi akọ fún akọ yìí, kí ni Mùsùlùmí ń wá lọ síbẹ̀? Bí wọ́n bá da ẹ̀gbin sínú kànga, ṣé ẹ tún máa lọ pọnmi níbẹ̀?"

"Láéláé!" gbogbo wọn dáhùn.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè láàárín àwa obìnrin. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí, nínú ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní ilé káńsù. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, ọmọ tó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Uncle, ẹ má bínú," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí a ò bá register, nínú law ti ibí, a ò married o. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ ńkọ́?"

Alhaji wò ó. "Ìwọ, ṣé o ti ní ọkọ?"

"Rárá, Uncle."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò tíì gun kẹ̀kẹ́ rí ló fẹ́ kọ́ wa ní ọkọ̀ wíwà!"

Gbọ̀ngàn hó. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa ọmọ náà láṣọ. "Jókòó, jàre. Wọ́n á fi ọ́ fún ẹnì kan níbí báyìí, o ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ."

Mo dìde. "Alhaji, ìbéèrè ni ọmọ yìí béèrè. Ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn ná, kí ẹ tó fi ṣe ẹ̀fẹ̀."

"Àǹtí Tíṣà," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ibí kì í ṣe kíláàsì."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò dá a lóhùn títí ìpàdé fi parí.

Iwájú pátápátá ni ọkọ àbúrò mi jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí mi, ó ní ká jáwọ́ ná. Ó ní kí ni wọ́n máa sọ bí wọ́n bá rí àbúrò Alága ní ibẹ̀ yẹn, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. Ó ní kó rọlẹ̀ ná."

"Kí ni ìwọ wí?"

"Mo ní kò burú. Ṣé kọ́ọ̀tù ni mo máa fi da ilé mi rú ni?"

Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Òfin náà wọlé, ó rẹ ẹnu gbogbo ènìyàn, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà lọ mú ọjọ́ mọ́. Ohun tí ẹ̀sìn mi kọ́ mi, mi ò yí i padà, kì í sì í ṣe òun ni mo ń jiyàn lé lórí níbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo ti ro ìpàdé yẹn títí, mo ti tò ó sọ́tùn-ún, mo ti tò ó sósì. Kò sí ọkùnrin méjì kankan nínú gbọ̀ngàn yẹn tó ń bẹ̀ wá pé ká so àwọn pọ̀. Ìgbéyàwó kan ṣoṣo tí gbogbo ariwo wa dá dúró, ti àbúrò mi ni.

Àwọn ọkùnrin àgbà méjì kan ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé ti àbúrò mi. Òyìnbó ni ọ̀kan, èkejì wá láti erékùṣù Caribbean. Wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ pọ̀ kí àbúrò mi tó dé àdúgbò, nígbà tí òfin sì dé, wọ́n wọ súùtù, wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀. Àbúrò mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Bí wọ́n bá gbé ẹrù wá fún wọn tí wọn kò sí nílé, ó máa ń bá wọn gbà á. Bí ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí bá pé, àwọn náà á bá a ti ike ìdọ̀tí rẹ̀ síta. Nígbà tí òyìnbó yẹn kú, a jọ lọ kí èyí tó kù. Ó po tíì fún wa. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, obìnrin arúgbó kan, ti wá láti ìlú mìíràn. Ó bá a fọ àwo, ó bá a ká aṣọ, ó padà sílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ọkùnrin náà pé ipò wo ló wà nínú ilé yẹn.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí ikú fi kan ilé àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ ṣubú níbi iṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wálé. Alhaji ló ṣe gbogbo ètò. Òun ló dúró ti òkú títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, òun ló wọ inú sàréè lọ gbé àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó sunkún, ẹkún òótọ́ sì ni.

Nígbà tí a dé láti itẹ́ òkú, ó wọlé wá bá àbúrò mi.

"Tákàbà ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. O ò gbọdọ̀ jáde láìnídìí. Kò sí góòlù, kò sí lọ́fínńdà, kò sí ọṣẹ olóòórùn dídùn. Inú ilé ọkọ rẹ yìí ni kó o jókòó sí."

"Mo ti gbọ́, Alhaji."

Tákàbà ni ìjókòó tí ẹ̀sìn wa ní kí obìnrin jókòó nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Kì í ṣe fún ọ̀rẹ́, kì í ṣe fún ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe fún ẹni tí a jọ ń gbé. Ìyàwó nìkan ló wà fún. Àbúrò mi sì jókòó. Àwọn ìyá mọ́sálásí ń pààrà ibẹ̀ bóyá láti tù ú nínú ni, bóyá láti ṣọ́ ọ ni, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn gbé imú sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọṣẹ wo lo fi wẹ̀, ọmọ mi?" Àbúrò mi lọ gbé ọṣẹ náà wá kí ó gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó wọ súùtù ló dúró síta. Ejẹ́ǹtì tó ń bá wọn ta ilé ni. Ó fi ọ̀rá bo bàtà rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí, ó ní òun wá wọn ilé.

"Ta ló rán yín?" mo bi í.

Ó ní ẹni tó ni ilé ni. Orúkọ Alhaji ló pè.

Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná pupa sára ògiri. Ó wọn pálọ̀, ó wọn kíṣìnì. Nígbà tó dé yàrá tí àbúrò mi jókòó sí pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní kó jọ̀ọ́, kó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Àbúrò mi sún ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn ìrun Àlàsáárì, mo bá Alhaji ní gbọ̀ngàn. Àwọn bàbá méjì kan jókòó tì í.

"Alhaji," mo ní, "ẹnì kan wá wọn ilé àbúrò mi."

"Ilé àbúrò mi," ó ní. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

"Àbúrò yín ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Àǹtí Tíṣà, lọ́yà ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Olóògbé kò kọ ìwé ìhágún. Kò bímọ. Bàbá àti ìyá wa kò sí mọ́. Òfin ìlú ní èmi ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Lójú òfin, kò ní ìyàwó."

  Mo ní, "Òfin wo nìyẹn, Alhaji? Ṣé ti inú kànga tí wọ́n da ẹ̀gbin sí ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wúkọ́. "Àǹtí, ẹ rọra."

"Mò ń rọra, Bàbá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi òfin òyìnbó sílẹ̀, ká mú ti Ọlọ́run. Opó tí ọkọ rẹ̀ kò bímọ, kí ni ìpín tirẹ̀ nínú Kùránì?"

Bàbá kejì ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ìdá kan nínú mẹ́rin ni."

"Alhaji, ẹ fún un ní ìdá kan yẹn. Ẹ mú mẹ́ta lọ."

"Ilé kì í ṣe búrẹ́dì," ó ní. "Báwo ni mo ṣe máa gé e? Èmi náà ní àwọn ọmọ tó ń wo ojú mi."

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run," bàbá àkọ́kọ́ ní.

"Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ tirẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ló kù."

 Bàbá tó sọ ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ Màgàríbì ṣì jìnnà.

Mo mú àbúrò mi lọ bá obìnrin lọ́yà kan ní Forest Hill. Áfáà ti ní tákàbà kò ní kó má jáde, ọ̀ràn tó pọn dandan ni. Lọ́yà náà fara balẹ̀ gbọ́ wa, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wa. Owó ilé wà lọ́rùn ọkọ, owó oúnjẹ àti iná wà lọ́rùn ìyàwó, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń pín in, nítorí náà kò sí ìwé kan tó fi orúkọ àbúrò mi hàn lórí ilé náà. Ṣùgbọ́n lọ́yà ní ọ̀nà kan ṣì wà. Òfin ní àyè fún àwọn tó bá ara wọn gbé fún ọdún pípẹ́ láìṣègbéyàwó. Kí àbúrò mi sọ fún ilé ẹjọ́ pé wọn kò fẹ́ra, pé wọ́n kàn jọ ń gbé ni, kí ó sì bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fún òun ní nǹkan nínú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́.

Àbúrò mi yíjú sí mi, ó bi mí ní Yorùbá, "Kí n lọ sọ fún adájọ́ pé àlè rẹ̀ ni mí?"

Lọ́yà bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń ronú.

Nígbà tí à ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Ọlọ́run mọ ohun tí ó jẹ́, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ní orí ló ń wá ibi sùn, kì í ṣe orúkọ. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Àǹtí mi," ó ní, "Alhaji ní èmi kì í ṣe ìyàwó. Ìjọba ní èmi kì í ṣe ìyàwó. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́? Èmi nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí fún ọkọ mi pé kò bá mi ṣe àgbèrè."

Mo rò pé ó ṣàṣìṣe. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo ti lè ṣe àtúnṣe sí ohun tó sọ.

Wọn ò dúró kí tákàbà parí. Alhaji ránṣẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ra ilé ń kánjú, ó sì rí Áfáà kan tó ní opó lè parí ìjókòó rẹ̀ ní ibòmíràn bí ó bá di dandan. Lọ́jọ́ tí à ń kó ẹrù, ọkùnrin Caribbean tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde wá, ó bá wa gbé báàgì méjì dé ẹnu mọ́tò. Ó bi àbúrò mi ìdí tó fi ń fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi kàn mirí ni. Ó wá yíjú sí èmi, ó ní, ṣé wọn kò ṣègbéyàwó ni? Mo ní wọ́n ṣe é, pálọ̀ mi ni wọ́n ti ṣe é. Ó ń wò mí, ó ń dúró de ìyókù. Gbogbo àlàyé tí mo fi ń jẹun ní ayé mi, n kò rí ẹyọ kan tí mo lè ṣe fún ọkùnrin yẹn tí ojú kò ní tì mí.

Yàrá tí mo ń kó ìwé sí ni àbúrò mi ti parí tákàbà rẹ̀. Nígbà tí ó pé, àwọn ìyá mọ́sálásí wá ṣàdúà fún un, bí ó ti yẹ. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan wà láti ìdílé ọkọ, nítorí náà Alhaji wá. Ó gbé àpò ìrẹsì kan lọ́wọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Wọ́n ní kó ṣàdúà. Gbogbo wa gbé ọwọ́ sókè.

"Ọlọ́run Ọba," ó ní, "ìyàwó wa yìí, tó jókòó ti ọkọ rẹ̀, tó pa tákàbà mọ́ bí obìnrin rere—"

"Àmín," àwọn ìyá ní.

Àbúrò mi sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. "Alhaji, ta ni ẹ pè ní ìyàwó?"

Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ni.

"Ìwọ ni," Alhaji ní, ó ṣì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ lọ sọ fún lọ́yà yín."

Ìyá kan sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, àdúà là ń ṣe o."

"Mo mọ̀, Mọ́mì," ó ní. "Mi ò ní ṣe Àmín sí i ni."

Alhaji fi ọwọ́ pa ojú, bí ẹni pé àdúà ti parí. Ó dìde, ó dágbére fún mi, kò wo ẹ̀yìn. Àwọn ìyá náà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan ń sọ pé àbúrò mi ti ń gbéraga, òmíràn ń sọ fún un pé kó dákẹ́.

Àbúrò mi lọ wẹ̀. Nígbà tó jáde, ó wọ aṣọ tó ní àwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí oṣù mẹ́rin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń wo àwọn ìwé mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá ibòmíràn kó wọn sí, òun fẹ́ máa to aṣọ òun síbẹ̀.